Òrùlé Ni Ojú Kọ́kọ́ Ń Bà Lé

Ẹni tó bá dúró síwájú rélùwéè orí tábìlì, irú èyí tí àwọn àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ń tò jọ sínú yàrá pẹ̀lú irin, ibùdókọ̀, òkè àti odò rẹ̀, òkè ló ti ń wo gbogbo ìlú náà. Ilé alájà kan tó ga ní mítà méje àbọ̀ láyé gidi kì í tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lórí tábìlì bẹ́ẹ̀. Ojú kò ní kọ́kọ́ rí ilẹ̀kùn, kò sì ní rí fèrèsé tí oníṣẹ́ fi odindi ọ̀sẹ̀ gé. Orí òrùlé ló ń bà lé. Ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ti máa ń ṣe ìmẹ́lẹ́. Wọ́n á to bíríkì ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi abẹ́ gbẹ́ férémù fèrèsé, àmọ́ tó bá kan òrùlé, ike pẹlẹbẹ tó bá ilé náà wá láti ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n á lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á kùn ún ní ọ̀dà dúdú, ó parí. Bí ọkùnrin tó wọ agbádá sányán tó wá fi páálí dé orí ni ilé náà ṣe máa ń rí.

Iṣẹ́ yìí ti kúrò lọ́wọ́ ọmọdé tipẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ọmọdé ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1891 ni ilé iṣẹ́ Märklin ní Jámánì gbé ọkọ̀ ìṣeré pẹ̀lú irin tirẹ̀ jáde níbi ọjà ńlá Leipzig. Nígbà tó fi máa di 1935, àwọn bàbá ọlọ́mọ ti pọ̀ nídìí ẹ̀ ní Amẹ́ríkà débi tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ National Model Railroad Association sílẹ̀ ní Milwaukee, kí ìwọ̀n irin àti kẹ̀kẹ́ lè bára mu láti ọwọ́ oníṣẹ́ kan dé ọwọ́ èkejì. Ìwọ̀n tó gbajúmọ̀ jù ni HO, níbi tí ohun gidi ti fi ìlọ́po 87 tóbi ju ti orí tábìlì lọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn OO, tó jẹ́ ìlọ́po 76. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì sọ́kàn, torí àwọn ni yóò máa dá oníṣẹ́ òrùlé lẹ́jọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú kì í kun ìdọ̀tí sórí òrùlé; ipa omi ni wọ́n ń tọ̀. Àbàwọ́n ara òrùlé ògbólógbòó kò ṣàdédé dé ibẹ̀. Ìdí ìṣó ló ti bẹ̀rẹ̀, òjò gbé e sọ̀kalẹ̀, oòrùn yan án, èéfín pa á láró. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí omi ń gbà lè ra gbogbo ọ̀dà tó wà lọ́jà, òrùlé rẹ̀ á kàn dọ̀tí ni, kò ní gbó.

Ọ̀kan nínú wọn ni John Allen, oníṣẹ́ fọ́tò tó gbé ní Monterey, ní ìpínlẹ̀ California. Gorre & Daphetid ló sọ rélùwéè rẹ̀, ìwé ìròyìn Model Railroader ló sì gbé àwòrán rẹ̀ ká ayé. Lákòókò tirẹ̀, ohun tó ń dán làwọn èèyàn ń fẹ́. Ọkọ̀ ń dán, ilé ń dán, òrùlé náà ń dán. Allen gbé tirẹ̀ jáde pẹ̀lú èéfín lára, pẹ̀lú pákó tó ti ṣá àti òrùlé tí oòrùn ti jẹ àwọ̀ rẹ̀. Mo gbà pé iṣẹ́ fọ́tò ló là á lójú: níwájú kámẹ́rà, ohun tó bá ń dán á tú àṣírí ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ike lòun. Aláwàdà tún ni. Dáínósọ̀ kan tó ń jẹ́ Emma wà lára àwọn tó ń bá a ti ọkọ̀ síwá sẹ́yìn ní ibùdó, àwọn tó sì rí i kò jiyàn, torí ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹranko náà gbó bí ilé ṣe ń gbó. Allen kú ní oṣù kìíní ọdún 1973. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni iná ṣẹ́ yọ nínú ilé rẹ̀, ó sì run èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Fọ́tò ni àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀ lónìí ń wò.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà mìíràn ni Roye England gbà. Ọmọ Ọsirélíà ni, ó dé ibẹ̀ ní 1925, àfonífojì kan tí wọ́n ń pè ní Vale of White Horse sì wọ̀ ọ́ lọ́kàn: ilé àwọn àgbẹ̀, òrùlé koríko wọn, ògiri tí kò gún régé. Àmọ́ bó ṣe ń wò wọ́n ni wọ́n ń yí padà, tí koríko ń kúrò tí ohun ìgbàlódé ń gba ipò rẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀n wọ́n, ó ń ya fọ́tò wọn, ó ń fi páálí àti ọ̀dà olómi kọ́ wọn ní ìwọ̀n 1:76. Láti 1954 ni iṣẹ́ náà ti ní ilé tirẹ̀, Pendon Museum, ní abúlé Long Wittenham, níbi tí àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ti ń bá a lọ títí di òní. Ìyàtọ̀ òun àti Allen ni pé Allen ń dá ìlú tirẹ̀ sílẹ̀ látinú orí. Ní Pendon, ilé kan pàtó ní abúlé kan pàtó ni wọ́n ń kọ́, bó ṣe rí láàárín 1920 sí 1939. Kò sí àyè fún àlá níbẹ̀. Bí òrùlé ilé bá tẹ̀ sápá òsì, apá òsì náà ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ sí lórí tábìlì. Ká sòótọ́, ọ̀nà Pendon yìí ni mo fara mọ́ jù, kódà fún ẹni tó ń kọ́ ìlú tí kò sí níbì kankan. Òrùlé gidi kan tí a wò dáadáa sàn ju ogún tí a rò lọ.

Àwọn ohun èlò òrùlé pọ̀, mi ò ní pẹ́ lórí gbogbo wọn. Síléètì, irú òkúta tí àwọn ọmọ iléèwé àtijọ́ ń kọ̀wé sí, ni wọ́n ń wà ní Wales tí wọ́n fi bo ọ̀pọ̀ ibùdókọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn oníṣòwò rẹ̀ fi orúkọ obìnrin ọlọ́lá pe ìwọ̀n rẹ̀: Duchess jẹ́ íńṣì 24 sí 12, Countess jẹ́ 20 sí 10, Lady jẹ́ 16 sí 8. Lórí tábìlì OO, Countess kò ju mìlímítà méje níbùú mẹ́ta àti díẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó máa lẹ ẹgbẹ̀rún irú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan tí orí rẹ̀ á pé, nítorí náà bébà gígùn ni wọ́n ń gé, wọ́n á là á ní ìlà ìlà láì jẹ́ kó já, wọ́n á wá tò ó láti etí òrùlé lọ sókè, bí àwọn baba wa ṣe ń fi bẹẹrẹ bo ilé. Ìlà òkè gbọ́dọ̀ gun ti ìsàlẹ̀, kí ojú ìlà rẹ̀ má sì bá ti ìsàlẹ̀ dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yan díẹ̀ nínú wọn, wọ́n á fi ọ̀dà aláwọ̀ eérú tó fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tàbí tó ṣú díẹ̀ kùn wọ́n. Bí síléètì kan bá yọ̀ kúrò nípò, ó dára. Bí mẹ́wàá bá yọ̀, òjò ti ń pa àwọn onílé nìyẹn, ẹ jẹ́ ká rí agbada lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ní bébà oníkóótà, èyí tí wọ́n ń tú láti inú yípo tó fẹ̀ ní íńṣì 36, tí wọ́n sì ń tẹ́ láti etí òrùlé lọ sókè. Ní HO, íńṣì 36 yẹn di mìlímítà mẹ́wàá àbọ̀. Bébà ìnujú tàbí téèpù àwọn tó ń kun ilé ní ọ̀dà tó o. Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í ni àwọ̀. Dúdú kirikiri kọ́ ni. Oòrùn á sọ bébà oníkóótà di eérú láìpẹ́, kóótà tí wọ́n fi dí ojú ìsopọ̀ nìkan ló máa ń dúdú pẹ́. Iná gílóòbù yàrá kò sì lágbára tó oòrùn, nítorí náà ọ̀dà tó bá àwọ̀ òrùlé gidi mu rẹ́gí á ṣókùnkùn jù lórí tábìlì. Ẹ jẹ́ kó mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i.

Páànù ló yẹ ká jókòó tì.

Henry Robinson Palmer, ẹnjiníà ní èbúté London, ló gba ìwé àṣẹ ní 1829 fún irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ká ní gegele àti kòtò. Palmer yìí kan náà ló ti gba ìwé àṣẹ ní 1821 fún ojú-irin tí kò ní ju ọ̀pá irin kan lọ, torí náà rélùwéè àti páànù ti mọra tipẹ́. Ní 1837, Stanislas Sorel ní Faransé gba tirẹ̀ fún rírì irin bọ inú síǹkì gbígbóná kó má baà tètè dógùn-ún. Láti ìgbà náà, ibi tí ojú-irin bá dé ni páànù ń dé: ó fẹ́ẹ́rẹ́ nínú ọkọ̀, ó ṣeé tò lérí ara wọn, káfíńtà tó ní hámà nìkan ló nílò.

Láti gegele kan sí èkejì nínú páànù àwọn Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ íńṣì mẹ́ta. Ní OO, ìyẹn jẹ́ mìlímítà kan géérégé. Páànù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ di mìlímítà 32. Títí dé ibẹ̀, kò sí wàhálà. Wàhálà wà nínú bó ṣe nípọn tó. Páànù gidi tó nípọn ní 0.6 mìlímítà gbọ́dọ̀ di nǹkan bí 0.008 lórí tábìlì, bẹ́ẹ̀ fóìlì tí a fi ń wé mọ́ínmọ́ín tó nǹkan bí 0.016. Ìyẹn ni pé fóìlì mọ́ínmọ́ín nípọn ní ìlọ́po méjì ju bó ti yẹ lọ! Ẹ wá wo ike tí wọ́n ń tà nínú páálí, tí etí rẹ̀ nípọn tó mìlímítà kan. Ìlọ́po 76 rẹ̀ jẹ́ íńṣì mẹ́ta. Ìbọn kò ní lu irú páànù bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi padà sórí fóìlì. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ike onígegele, wọ́n á fi igi ìtayín rá a wọ inú kòtò kọ̀ọ̀kan títí gegele á fi jáde, wọ́n á gé e ní mìlímítà 32, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sórí páálí tín-ín-rín. Láti etí òrùlé ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀, ti òkè á gun ti ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan á gun èkejì pẹ̀lú gegele kan. Kí ọwọ́ má ṣe tọ́ jù o. Káfíńtà gidi kò lo ẹ̀rọ láti fi to páànù, ọ̀kan á yọrí díẹ̀ ju èkejì lọ, ọ̀kan á sì gbé etí sókè níbi tí ìṣó ti tú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Àwọn àgbà ní òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni tó bá rí ni ó ń pa. Lórí òrùlé, ọ̀rọ̀ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀ tán, nítorí òjò ní ibi tó ti ń gbé. Páànù tuntun á kọ́kọ́ ṣú, dídán rẹ̀ á lọ, síǹkì ara rẹ̀ á di eérú. Kò tíì sí pupa kankan. Ìpáàrà á wá yọjú níbi tí síǹkì ti ṣí tàbí tí omi ti ń dúró pẹ́: ìdí ìṣó, etí tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé, àti abẹ́ ibi tí páànù méjì ti gun ara wọn, níbi tí omi ń fà wọlé tí afẹ́fẹ́ kò sì gbẹ ẹ́. Orí gegele ni káfíńtà ń kan ìṣó sí kí ilé má baà jò. Nítorí náà òrùka kékeré ni ìpáàrà á kọ́kọ́ ṣe lórí gegele, kó tó ṣàn sínú kòtò, kó sì gba inú kòtò lọ sísàlẹ̀. Ẹni tó bá fi búrọ́ọ̀ṣì fa ìlà pupa sórí gegele láti òkè délẹ̀ ti sọ fún wa pé òun kò wo páànù rí.

Ti rélùwéè tún le ju ti ilé lásán lọ. Èéfín èédú ní imí-ọjọ́ nínú, tó bá pàdé òjò ó ń di áásììdì tó ń jẹ síǹkì. Òrùlé tó wà nítòsí ibi tí àwọn ẹ́ńjìnnì ń sùn máa ń darúgbó ṣáájú ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn ń fẹ́ èéfín sí ló sì ń kọ́kọ́ jẹ. Etí ihò èéfín dúdú bí ti ìkòkò, dúdú náà sì ń dínkù bó ṣe ń jìnnà. Lórí síléètì àti táìlì, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kò kíyè sí: ewé wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé tó ń hù lórí òrùlé ọ̀rinrin kì í hù sábẹ́ ibi tí òjé, síǹkì tàbí kọ́pà bá wà. Òjò ń fọ díẹ̀díẹ̀ nínú irin náà sọ̀kalẹ̀, ìyẹn sì ń pa ewé. Ìlà tó mọ́ tónítóní á wá wà nísàlẹ̀ ọ̀pá onísíǹkì láàárín òrùlé tó ti di àwọ̀ ewé. Bí mo bá rí ìlà yẹn lórí tábìlì ẹnì kan, mo máa ń bọ̀wọ̀ fún un kí n tó béèrè orúkọ rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò ṣòro bí mímọ̀ ọ́n ṣe ṣòro. Wọ́n á fi ọ̀dà aláwọ̀ eérú kun gbogbo rẹ̀, wọ́n á fi kànìnkànìn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ kan búráùn dúdú mọ́ ìdí ìṣó àti etí. Àwọn kan á tọ́ ọ̀dà olóróró sí i ní tótó, wọ́n á wá fi búrọ́ọ̀ṣì tó ní omi ọ̀dà fà á láti góńgó lọ sí etí, nígbà gbogbo sísàlẹ̀, kì í ṣe yíká. Àwọn mìíràn á kun àwọ̀ ìpáàrà kọ́kọ́, wọ́n á bu omi díẹ̀ sí i, wọ́n á wọ́n iyọ̀, wọ́n á kun ọ̀dà eérú lé e. Tó bá gbẹ tí wọ́n bá rá iyọ̀ dànù, ìpáàrà á yọjú ní ibi tó wù ú. Ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n lọ̀ kúnná ni wọ́n ń fi ṣe eruku. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú fáníìṣì tẹ́ ẹ bá fẹ́ dè é mọ́lẹ̀, torí ó máa ń gbé ìdajì eruku náà mì. Ní ti àwọ̀, ìpáàrà tó ti pẹ́ ń ṣú sí búráùn tó fẹ́ dúdú. Pupa rusurusu tó ń tàn jẹ́ ti ìpáàrà àná, ó sì yẹ kó kéré.

Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń yìn, tí mi ò fẹ́ kẹ́ni tí kò lóye rẹ̀ dánwò. Páànù kékeré alumíníọ̀mù ni wọ́n ń rì sínú ferric chloride, èyí tí àwọn tó ń ṣe bọ́ọ̀dù rédíò fi ń jẹ kọ́pà. Fún ìgbà díẹ̀ ẹ ó rò pé kò sóhun tó ń ṣẹlẹ̀, lójijì ló máa bẹ̀rẹ̀ sí hó, tó ń gbóná, tó ń rú èéfín. Etí páànù á jẹ, ara rẹ̀ á lu, irin inú omi náà á sì kun ún ní búráùn. Àbájáde rẹ̀ ju ti búrọ́ọ̀ṣì lọ, mi ò lè parọ́. Àmọ́ ìta gbangba ni, ìbọ̀wọ́ àti awò ìdáàbòbò lójú, ẹ̀mú oníke, páànù díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àti abọ́ omi púpọ̀ nítòsí láti fi ṣan án. Kì í ṣe iṣẹ́ inú ilé ìdáná, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé.

Ẹni tó dàgbà ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo ti ń wo páànù tó ń gbó lójoojúmọ́. Ojú-irin náà kò ṣàjèjì sí i: láti Ìddó ní Èkó ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ ẹ ní 1896, ó dé Ìbàdàn ní 1901. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1067. Ẹ fi 87 pín in, ó di mìlímítà méjìlá àti díẹ̀, irin méjìlá tí wọ́n sì ń tà fún ìwọ̀n TT á gbé e láìsí ìjà. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́ ibùdókọ̀ àtijọ́ lójú ọ̀nà yẹn kò nílò ìwé àwòrán láti òkè òkun láti mọ bí páànù ṣe ń gbó. Kó gun òkè Mápó ní Ìbàdàn, kó wo ìsàlẹ̀. Ó kàn gbọ́dọ̀ ya eruku sọ́tọ̀ kúrò lára ìpáàrà: eruku ilẹ̀ pupa tí ọyẹ́ fẹ́ wá á bo gegele àti kòtò papọ̀, òjò àkọ́rọ̀ á fọ gegele, á sì fi ìyókù sílẹ̀ sínú kòtò. Kó mọ ìgbà tó ń kọ́ pẹ̀lú. Páànù alumíníọ̀mù tó gbòde nísinsìnyí kì í dógùn-ún. Ìpáàrà pupa lára irú rẹ̀, irọ́ ni.

Àṣejù wà nínú iṣẹ́ yìí náà. George Sellios, tó dá ilé iṣẹ́ Fine Scale Miniatures sílẹ̀ ní 1967, kọ́ rélùwéè Franklin & South Manchester sí Peabody ní Massachusetts, ó sì fi ṣe ìlú àwọn ọdún 1930, nígbà tí owó wọ́n ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, òrùlé tó sán àti pákó tó ya bá ìtàn mu, ọwọ́ rẹ̀ sì dùn. Àwọn tó ń wò ó kọ́ṣẹ́ ló sọ ọ́ di àrùn, tí gbogbo ilé ìlú wọn wá ń fẹ́ wó lọ́jọ́ kan náà. Kò sí ìlú tó ń gbó bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó, ó pààrọ̀ páànù méje láàárín àwọn ti bàbá rẹ̀. Ilé ìfowópamọ́ ń kun òrùlé tirẹ̀ lọ́dọọdún. Ilé opó tó wà lẹ́yìn ọjà ni ìpáàrà ti jẹ tán. Òrùlé méjì tó yàtọ̀ síra lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ló ń sọ fún aláwòran pé èèyàn ń gbé ibẹ̀, ju ogún tó jọ gbó pọ̀ lọ.

Tí gbogbo rẹ̀ bá ti gbẹ, ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ òrùlé mọ́ ògiri. Páálí tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin tí a lẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, tó wọ inú ògiri ṣìnkín, á dì í mú. Ẹ kun abẹ́ rẹ̀ dúdú kí iná má baà yọ láàárín òrùlé àti ògiri lálẹ́. Gílóòbù inú ilé á kú lọ́jọ́ kan, aláǹtakùn á wọlé lọ́jọ́ mìíràn, ẹni tó bá ti lẹ òrùlé rẹ̀ pa ni yóò máa fi ọ̀bẹ wó páànù tó fi oṣù kan tò.